Ẹ Bú Eré Mi, Ẹ Wọ Inú Eré: Bí Molière Ṣe Fi Ẹ̀rín Na Àwọn Ẹlẹ́gàn Rẹ̀

Télọ̀ rán aṣọ tán, ẹni tí kò tíì san owó òwú ló ń sọ pé ọrùn rẹ̀ fẹ̀ jù. Ìyá olóúnjẹ se ọbẹ̀ tán, ẹni tó ti lá àwo mọ́ tónítóní ló ń sọ pé iyọ̀ kò tó. Kápẹ́ńtà kan àga tán, ẹni tó jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí rẹ̀ ló ń bi í pé ṣé àga rèé. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ mọ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, kí lèèyàn ó fi dá wọn lóhùn? Ká bú wọn padà ni? Ká dákẹ́ ni? Àbí ká gbé wọn lọ sí kóòtù?

Àwọn onítíátà ní ọ̀nà kẹrin. Wọn a mú ẹni tó bú eré wọn, wọn a wọ̀ ọ́ láṣọ, wọn a kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, wọn a sì gbé e sórí ìtàgé kí gbogbo ayé fi í rẹ́rìn-ín. Ó sanwó wọlé pé òun wá wòran, ó dé inú ilé, ó rí i pé òun gan-an ni ìran.

Ẹni tó ṣe é tí ayé kò gbàgbé ni ọkùnrin Faransé kan tí wọ́n ń pè ní Molière. Ó ti lé ní 360 ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ ó ní àdúgbò yín ló ti ṣẹlẹ̀ lánàá.

Ọmọ aláṣọ àga

Jean-Baptiste Poquelin ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Paris ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1622. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni bàbá rẹ̀. Ó ń fi aṣọ bo àga, ó ń ṣe ibùsùn àti kọ́tìnì, iṣẹ́ náà sì yọ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ààfin ọba ló ń bá ṣe é. Ọmọ yìí ló yẹ kó jogún ipò bàbá rẹ̀. Ilé ọba, owó ọba, kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1643, ọmọ ní tíátà lòun ó ṣe. Òun àti obìnrin òṣèré kan tó ń jẹ́ Madeleine Béjart pẹ̀lú àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì yí orúkọ padà sí Molière.

Ojú rẹ̀ rí màbo. Gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní 1645, wọ́n ti Molière mọ́lé nítorí owó tó jẹ. Nígbà tó jáde, ẹgbẹ́ náà kẹ́rù kúrò ní Paris, wọ́n di alárìnkiri, ìlú dé ìlú, ọjà dé ọjà, fún bí ọdún 13, gẹ́gẹ́ bí àwọn alárìnjó tiwa náà ṣe máa ń ṣe. Ọdún 1658 ni wọ́n tó padà sí Paris. Wọ́n ṣeré lójú Ọba Louis Kẹrìnlá, ẹ̀rín pa ọba, ọba sì fún wọn ní ibi tí wọ́n ó ti máa ṣeré.

Ṣùgbọ́n àgbà ẹgbẹ́ kan ti wà ní ìlú. Hôtel de Bourgogne ni wọ́n ń pe ilé tíátà wọn. Àwọn ló ń ṣe eré ọba àti eré ẹkún, àwọn ni ìlú ń pè ní ọ̀gá. Wọ́n wá rí alárìnkiri kan tó ti oko dé, tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, tí èrò sì ń wọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ta ojà kan náà ní ìsọ̀ tó fara kan ara, ẹ kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ìyókù fún yín.

Eré tó dá ìjà sílẹ̀

Ní oṣù kejì ọdún 1662, Molière gbéyàwó. Ẹni 40 ọdún ni. Ìyàwó rẹ̀, Armande Béjart, tó bí ọmọ 20 ọdún, inú ẹgbẹ́ náà ló sì wà. Lópin ọdún yẹn, ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá, Molière gbé eré tuntun jáde. Orúkọ rẹ̀ ní èdè wa ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Ìyàwó.

Bàbá kan wà nínú eré náà tó ń jẹ́ Arnolphe. Ohun tó ń bà á lẹ́rù láyé ni kí ìyàwó má lọ yan àlè. Ó wá dá ọgbọ́n kan. Ó mú ọmọdébìnrin kan, Agnès, láti kékeré, ó ní kí wọ́n tọ́ ọ nínú òpè, kí ó má mọ nǹkan kan, kí òun lè fi ṣe aya. Ó gbà pé obìnrin tí kò gbọ́n kò ní lè dalẹ̀ ọkọ. Àṣé irọ́ ni! Ọmọ náà wà lókè ilé lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Horace ń kọjá lọ, ó kí i, òun náà kí i padà. Ìfẹ́ wọlé. Ibi tí ẹ̀rín ti ń pa èèyàn jù ni pé Horace kò mọ̀ pé Arnolphe ló ni ilé tí ọmọ náà wà. Arnolphe yìí ló wá ń fọ̀rọ̀ lọ̀. Gbogbo ọgbọ́n tó fẹ́ fi gbé ọmọ náà lọ, ó ń rò ó fún olówó orí lójúkojú! Nígbẹ̀yìn, Horace ló ni ìyàwó. Arnolphe jáde, kò lè sọ̀rọ̀.

Paris rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n bí àwọn kan ṣe ń rẹ́rìn-ín ni àwọn kan ń lọ́ ẹnu.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án kò kéré. Èkíní, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rírùn wà nínú eré náà. Ibì kan wà tí Agnès ti ń sọ fún Arnolphe pé Horace gba nǹkan kan lọ́wọ́ òun. Kí ló gbà? Ó gba... Ọmọ dákẹ́, ẹ̀rù ń bà á. Òógùn bo Arnolphe. Kí ló gbà lọ́wọ́ rẹ? Ó gba... Nígbà tí ọ̀rọ̀ jáde tán, rìbọ́ọ̀nù ni! Àwọn ìyáàfin kan ní ojú ti àwọn.

Èkejì, wọ́n ní ó fi ìwàásù ṣeré, nítorí Arnolphe fi iná ọ̀run dẹ́rù ba ọmọ náà, ó sì fún un ní ìwé òfin ìyàwó kó máa kà. Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn kékeré láyé ìgbà yẹn. Ẹni tí wọ́n bá pè ní ẹlẹ́gàn ìsìn lè pàdánù gbogbo ohun tó ní.

Ẹ̀kẹta ló pani lẹ́rìn-ín jù. Arnolphe ní ìyàwó tí òun ń fẹ́ gbọ́dọ̀ gọ̀ débi pé bí wọ́n bá ń ṣe eré ọ̀rọ̀ kan tí ìdáhùn gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ìparí kan náà, tí wọ́n bá bi í pé kí ló fẹ́ fi sínú agbọ̀n, kéèkì oníwàrà ni yóò dá lóhùn. Kéèkì oníwàrà kẹ̀? Àwọn ìjòyè ní irú ọ̀rọ̀ ilé ìdáná bẹ́ẹ̀ kò yẹ lórí ìtàgé. Ó di ohun tí wọ́n ń pariwo kiri: kéèkì oníwàrà, kéèkì oníwàrà!

Ó gbé wọn wọ inú eré

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1663 ni Molière dáhùn. Kò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, kò sì pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Eré kékeré kan ló gbé jáde, tí a lè pè ní Àríwísí Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Ìyàwó. Kò sí ìjà, kò sí ìgbéyàwó nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pálọ̀ lásán ni. Àwọn èèyàn kóra jọ sílé obìnrin kan tó ń jẹ́ Uranie, wọ́n sì ń jiyàn lórí Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Ìyàwó gan-an. Ohun tí gbogbo ìlú ń sọ lẹ́yìn Molière ni Molière kó sórí ìtàgé.

Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé láti bú eré náà ni ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Climène. Ó wọlé bí ẹni tó ń kú lọ, ó ní kí wọ́n tètè gbé àga fún òun. Kí ló ṣe é? Wọ́n ní eré tó lọ wò ló ṣe é! Ó ní ìdọ̀tí inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Uranie ní kó tọ́ka sí ìdọ̀tí kan. Ó wá, ó wá, kò rí ju ọ̀rọ̀ rìbọ́ọ̀nù yẹn lọ. Uranie wá dá a lóhùn pé ọmọ náà kò sọ nǹkan kan tí kò dáa. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ohun mìíràn níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá láti ilé.

Ẹni kejì ni ìjòyè ńlá kan, Marquis ni oyè rẹ̀. Ó ń kùn pé èrò tí òun bá lẹ́nu ọ̀nà tíátà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fún òun pa, wọ́n ti tẹ òun lẹ́sẹ̀, wọ́n ti ba rìbọ́ọ̀nù ara aṣọ òun jẹ́. Wọ́n bi í pé báwo leré náà ti rí. Ó ní kò dáa. Kí ló fà á tí kò fi dáa? Ó ní kò dáa nítorí pé kò dáa. Ṣé ó tẹ́tí sí i? Ó ní òun kò yọ ara òun lẹ́nu láti tẹ́tí. Ẹ̀rí wo ló wá ní? Ó ní ṣé àwọn mẹ̀kúnnù tó dúró nísàlẹ̀ kò rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni? Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti di pé kó ṣàlàyé, kéèkì oníwàrà ló ń dá lóhùn. Kò ní òmíràn.

Ẹni kẹta ni akéwì kan, Lysidas. Èyí ni arékérekè wọn. Ó ní òun kò fẹ́ sọ ohun tí kò dáa nípa ẹni tí àwọn jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó rọra ń sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ mọ irú rẹ̀: ẹni tí yóò ní "aṣọ yẹn dáa o, ṣùgbọ́n..." Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀lé "ṣùgbọ́n" yẹn ló ń pa ọjà. Nígbà tó yá, ó tú u síta. Ó ní eré náà ṣẹ̀ sí gbogbo òfin tí àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ fi lélẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń kọ eré.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dájọ́?

Ẹni tí Molière fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu láti dá wọn lóhùn ni Dorante. Ohun tó sọ yìí ló jẹ́ kí eré náà wà títí dòní.

Láyé ìgbà yẹn ní Paris, ẹni tó bá san sou 15 ló ń dúró ní ilẹ̀ àárín ilé tíátà. Kò sí ìjókòó fún un. Àwọn oníṣòwò, akọ̀wé, oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọmọ ilé ìwé ló wà níbẹ̀. Àwọn ọlọ́lá a san ààbọ̀ owó wúrà, tó ju ìlọ́po méje sou 15 lọ, wọn a sì gba àga sórí ìtàgé gan-an kí gbogbo ayé lè rí aṣọ wọn. Dorante ní owó wúrà kì í ra ọgbọ́n. Ẹni tó dúró lè mọ ohun tó dáa, ẹni tó jókòó lè ṣàìmọ̀ ọ́n. Ó ní òun a tilẹ̀ gba ẹ̀rí àwọn tó dúró gbọ́, torí bí nǹkan bá wọ̀ wọ́n lára, wọn a gbà á bẹ́ẹ̀, wọn kì í kọ́kọ́ wo ojú ẹnìkan kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín.

Ó sọ̀rọ̀ ìjòyè kan tó rí lórí ìtàgé lọ́jọ́ eré. Gbogbo ibi tí àwọn èrò bá ti rẹ́rìn-ín, ìjòyè yìí a fa ojú ro, a gbé èjìká sókè, a máa wo àwọn tó wà nísàlẹ̀ bí ẹni ń wo ewúrẹ́. Nígbà tó yá, ó bú mọ́ wọn láti orí àga. Kò mọ̀ pé òun ti di eré kejì, àti pé ọ̀fẹ́ ni àwọn èrò ń wò ó.

Ní ti òfin àwọn ọ̀mọ̀wé, Dorante lo àfiwé tí ìyá olóúnjẹ kankan kò ní jiyàn rẹ̀. Ó ní ẹni tó gbádùn eré tán tó wá ń béèrè bóyá ó bá òfin mu dà bí ẹni tó jẹ ọbẹ̀ aládùn tán, tó wá ń wá inú ìwé oúnjẹ bóyá ó yẹ kí ọbẹ̀ náà dùn. Òfin tó ga ju gbogbo òfin lọ ni kí iṣẹ́ tẹ́ ẹni tó wá wò ó lọ́rùn.

Báwo leré náà ṣe parí? Wọn kò rí òpin fún iyàn. Uranie ní kí wọ́n sọ iyàn náà di eré. Ó ní kí Dorante kọ ọ́ fún Molière. Bí wọ́n ṣe ń ro bí wọn yóò ṣe parí rẹ̀ ni ọmọ ọ̀dọ̀ wọlé wá sọ pé oúnjẹ alẹ́ ti délẹ̀. Ó tán! Gbogbo wọn dìde lọ jẹun.

Ọ̀rọ̀ wọ inú yàrá

Ìjà kò tán síbẹ̀ o. Lọ́dún 1663 yẹn náà, ọba fún Molière ní owó ọdọọdún, 1,000 livre. Orí àwọn ọ̀tá túbọ̀ gbóná. Donneau de Visé, ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé kan, kọ ìwé, ó tún kọ eré láti fi tàbùkù rẹ̀. Akọ̀wé mìíràn, Boursault, kọ eré tirẹ̀, àwọn Hôtel de Bourgogne sì gbà á ṣe. Molière tó ń fi èèyàn ṣeré náà wá di ẹni tí wọ́n ń fi ṣeré.

Ní oṣù kẹwàá, ní ààfin Versailles, níwájú ọba, Molière tún fèsì. Lọ́tẹ̀ yìí, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò pa ara dà. Wọ́n jáde ní orúkọ ara wọn, bí òṣèré tó ń múra eré tí wọn kò tíì mọ̀ dáadáa, tí ọba sì ti fẹ́ dé. Molière jẹ́ Molière. Armande ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń bá ọkọ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn. Eré Pàjáwìrì ti Versailles ni wọ́n pe eré náà. Níbẹ̀, Molière sín àwọn òṣèré Hôtel de Bourgogne jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń pariwo, bí wọ́n ṣe ń ranjú. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọba lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ sanra tó èèyàn mẹ́rin. Gbogbo ìlú mọ̀ pé Montfleury, àgbà òṣèré ibẹ̀ tí ikùn rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ wọlé, ló ń sọ.

Nínú eré yìí kan náà, àwọn Marquis méjì fi 100 pistole ta ọ̀pá lórí ẹni tí Molière fi ṣe Marquis inú eré ìṣáájú. Èyí ní ìwọ ni, ìyẹn ní ìwọ ni. Ẹni tí wọ́n pè kó dá a fún wọn ní ìwà lòun rí tí Molière ń bá wí, kì í ṣe ẹnìkan.

Lẹ́yìn ìyẹn, Molière fi ẹ̀rín sílẹ̀, ó pa ààlà. Ó ní kí àwọn ọ̀tá òun máa mú eré òun lọ, kí wọ́n máa fi ìrísí òun, ìrìn òun àti ohùn òun ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe wù wọ́n, bí yóò bá mú owó wọlé fún wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún òun.

Kí ni ìyókù? Ilé rẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n ń sọ lábẹ́lẹ̀ ni pé Armande tó fẹ́ kì í ṣe àbúrò Madeleine Béjart. Wọ́n ní ọmọ Madeleine ni, Madeleine tó ti jẹ́ olólùfẹ́ Molière rí. Ìwé ìgbéyàwó pe Armande ní àbúrò. Ṣùgbọ́n Montfleury tí wọ́n bú ikùn rẹ̀ kò fi ikùn fèsì. Ó kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí ọba pé ọmọ obìnrin tí Molière ti bá sùn rí ni Molière fẹ́.

Háà! Ẹ wo ibi tí kéèkì oníwàrà gbé ọ̀rọ̀ dé. Ẹni tó kọ eré nípa àgbàlagbà tó fẹ́ ọmọdé, òun náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọmọ 20 ọdún yìí, àwọn ọ̀tá sì mọ ibi tí wọn yóò fi ọwọ́ sí. Bí ọba bá gba ẹ̀sùn náà gbọ́, Molière ti tán nìyẹn, àti gbogbo ẹni tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Ọba kò dá Montfleury lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Armande bímọ ọkùnrin, tí wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1664, Ọba Louis Kẹrìnlá fi ara rẹ̀ ṣe bàbá ìsàmì ọmọ náà. Louis ni wọ́n sọ ọmọ náà. Ta ló tún lè lanu lẹ́yìn ìyẹn?

Bí ọba bá jẹ́ ẹni tí inú ń bí ńkọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀. Molière gbọ́n, ṣùgbọ́n ọba wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ní 1964, Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọsà, gbé eré Yorùbá Ronú jáde. Eré ọba kan ni, tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, tó lọ bá ọ̀tá mulẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Akíntọ́lá jẹ́ olórí rẹ̀ bínú, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ Ogunde pé wọn kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Ẹgbẹ́ tó ń jẹun nínú ìrìnkiri, ìjọba ti ọ̀nà oko, ó ti ọ̀nà odò. Ogunde kò dákẹ́. Eré mìíràn ló fi dáhùn, Òtítọ́ Korò ló sì pè é. Orúkọ yẹn nìkan tó èsì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò ṣí ilẹ̀kùn tí ọlọ́pàá tì. Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun ti gba ìjọba, ni Fájuyì tó gbẹ́sẹ̀ lé òfin náà.

Nítorí náà, fífi ẹlẹ́gàn ṣeré kì í ṣe nǹkan tí kò ní ewu. Bí ẹlẹ́gàn bá jẹ́ ẹgbẹ́ ẹni, ẹ̀rín tó. Bí ẹlẹ́gàn bá ni kọ́kọ́rọ́ ìlú lọ́wọ́, onítíátà á kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín ìkẹyìn

Molière kò jáwọ́. Láti 1665 ló ti ń fi àwọn dókítà ìgbà yẹn ṣeré, àwọn tó jẹ́ pé ká da ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn ni oògùn tí wọ́n mọ̀ jù. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1673, ó gbé eré kan jáde, Aláìsàn Tí Kò Ṣàìsàn. Argan, ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko ṣùgbọ́n tó gbà pé òun ń kú lọ, ni Molière fúnra rẹ̀ ṣe. Nínú eré náà, àbúrò Argan ní kó lọ wo eré Molière kan kó lè rẹ́rìn-ín. Argan fàbínú yọ. Ó ní bí òun bá jẹ́ dókítà, lọ́jọ́ tí Molière bá ṣàìsàn, òun kò ní fún un ní oògùn kankan, kó kú, kó fi kọ́gbọ́n. Àbúrò rẹ̀ ní Molière kò ní bẹ̀ wọ́n, nítorí agbára tó kù fún un kò tó láti fara da àìsàn àti oògùn pọ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Molière ló ń ṣépè fún Molière, àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, ikọ́ tó ń wú u kì í ṣe eré.

Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ìgbà kẹrin tí wọ́n fẹ́ ṣe eré náà, ara rẹ̀ kò yá rárá. Grimarest, tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní 1705, sọ pé ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó má ṣeré lọ́jọ́ yẹn. Molière bi wọ́n pé kí ni àwọn òṣìṣẹ́ 50 tó jẹ́ pé owó ojoojúmọ́ ni wọ́n fi ń jẹun yóò ṣe. Ó wọ aṣọ, ó jáde, ó ṣe é parí. Wọ́n gbé e délé, ó sì kú lálẹ́ ọjọ́ náà, ní ẹni 51 ọdún. Ṣọ́ọ̀ṣì kò fẹ́ sin ín nítorí pé òṣèré ni. Armande lọ bẹ ọba. Òru ni wọ́n sin ín, ọjọ́ 21.

Ó ní ohun kan tó yẹ kí a mọ̀ kí a tó pa ojú ìwé yìí dé. De Visé tó bú Molière jù ní 1663 ńkọ́? Ní 1665, ẹgbẹ́ Molière gba eré de Visé, wọ́n sì ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, de Visé kọ̀wé yin eré Molière. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rín nà lè padà wá di ọ̀rẹ́, nítorí ẹ̀rín kì í dá ọgbẹ́ jinlẹ̀. Ẹ̀sùn Montfleury ni kò ní àtúnṣe, torí pé ó kọjá iṣẹ́, ó wọ inú yàrá ọlọ́yàrá. Molière pàápàá kò mọ́ délẹ̀, ṣé ikùn èèyàn jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni? Ṣùgbọ́n òun ló pa ààlà tó dáa jù: iṣẹ́ mi rèé, ẹ bú u, ilé mi ńkọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Ìyá olóúnjẹ, bí wọ́n bá ní ọbẹ̀ rẹ kò dùn, ṣe ọ̀la kó dùn ju tàná lọ, kí o sì fi àwáwí ẹnu wọn pa oníbàárà lẹ́rìn-ín. Télọ̀, bí wọ́n bá bú aṣọ rẹ, rán òmíràn. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń bú iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ máa bú u, ó lẹ́tọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó tán, ẹ má sì ba ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin òǹkàwé, èwo lẹ fara mọ́ nínú ká fèsì àti ká dákẹ́? Ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹ má kàn kọ "kéèkì oníwàrà" ránṣẹ́ o, ẹ sọ ìdí rẹ̀.